Ẹyẹ tí ń fi Ìyẹ́ Ikùn Pọn Omi

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí ẹyẹ kan tí ń gbé ilẹ̀ títẹ́jú àti olókùúta ti Namibia, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Sandgrouse ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ìrísí rẹ̀ jọ ti àdàbà.

Orí ilẹ̀ lásán ni ó ń yé ẹyin sí. Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá jáde nínú ẹyin ni wọ́n ti ń rìn, tí wọ́n sì ń ṣa hóró koríko jẹ. Ṣùgbọ́n hóró gbígbẹ kò ní omi nínú, ibi omi sì lè jìnnà ju ibùsọ̀ 10 lọ, wọn kò sì tíì lè fò. Ta ni yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ òǹgbẹ?

Baba wọn ni. Ní òwúrọ̀ a fò lọ sí ibi omi, a sì ri ìyẹ́ ikùn rẹ̀ bọ inú rẹ̀. Àwọn fọ́nrán ìyẹ́ náà a máa ká jọ nígbà tí wọ́n bá gbẹ. Bí omi bá kàn wọ́n, wọn a tú, wọn a sì gba omi dúró bí kànhìnkànhìn. Nígbà tí ó bá padà dé, àwọn ọmọ a wọ abẹ́ rẹ̀, wọn a sì fa omi náà mu.

Ní 1896, Meade-Waldo, ẹni tí ń sin irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ní England, kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà á gbọ́. Ní 1967 ni Cade àti Maclean, tí wọ́n ṣọ́ àwọn ẹyẹ náà ní Kalahari, jẹ́rìí pé òtítọ́ ni.

Nítorí náà, àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, bí ọmọdé bá sọ ohun tí ó rí nínú igbó fún wa, ẹ jẹ́ kí a bá a lọ wò ó kí a tó pè é ní irọ́.