Àròkọ Aṣàpèjúwe: Rírin Ẹ̀fọ̀n Aláayè Wò

ÌBÉÈRÈ: Ṣàlàyé fún àlejò bí yóò ṣe rin ìlú àtijọ́ kan tí odi tàbí òkè yí ká wò.

KÍ O TÓ KỌ̀WÉ: Yan ìlú tí o mọ̀ dáadáa. Má kan ka orúkọ òkè àti ilé lásán. Sọ ìwúlò ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ará ìlú láyé ogun. Àlejò ni ò ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà “ẹ” ni kí o lò.

ÌLAPA ÈRÒ: (a) ọ̀nà ìlú (b) òkè àti odi (d) ààfin (e) ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Iléṣà wọ Èkìtì, ẹ ó kan Ẹ̀fọ̀n Aláayè kí ẹ tó dé Arámọkọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì.

Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló mọ odi láyé àtijọ́. Ilé-Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́-Ilé wà lára wọn. Wọn a wa yàrà jíjìn yí ìlú ká, wọn a sì fi erùpẹ̀ inú rẹ̀ mọ odi. Ẹnubodè ni àlejò ń gbà wọlé, níbi tí oníbodè ti ń gba owó. Ní Ẹ̀fọ̀n, òkè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó wà lókè a tètè rí ọ̀tá lókèèrè. Ọ̀tá tó ń pọ́n òkè bọ̀, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó débẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ààfin Aláayè. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wò ó yíká. Iná jó ààfin yìí ní 1912. Àgbọ́nbíofẹ́, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1945, ló gbẹ́ àwọn òpó tuntun sí i: abiyamọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àti jagunjagun lórí ẹṣin. Ẹ bi ará ààfin léèrè nípa wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òkè àti odi nìkan tó dáàbò bo ìlú. Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ìlú Èkìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ sí wọn lórí, nítorí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá jà fún ara rẹ̀. Ní 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wá para pọ̀, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì di balógun wọn nínú ogun Kírìjì. Ìbàdàn kò lè borí wọn mọ́. Ní 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, Èkìtì sì gba ara rẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń lọ sí Arámọkọ àti Ìjerò, ẹ wẹ̀yìn wo òkè Ẹ̀fọ̀n. Òkè ò kúrò níbi tó wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, síbẹ̀ ìgbà tí àwọn ará ìlú fi ohùn ṣọ̀kan ni ọ̀tá tó padà lẹ́yìn wọn.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Bi àgbàlagbà kan léèrè ibi tí odi tàbí ẹnubodè ìlú rẹ wà rí. Lo ìlapa èrò òkè yìí láti kọ àròkọ tìrẹ.