Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ká ni lára, àdá ló máa ń yá ọwọ́ ẹni.

Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan nídìí òfì n'Ísẹ́yìn. Rósárì wà nínú àpò rẹ̀ kan, ike oògùn HIV wà nínú ìkejì. Ó ti gé òwú òfì ki bọ inú ike náà, kó má baà máa dún. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni. Ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Ìwọ ọmọ yìí, má torí ààwẹ̀ tàbí ìsọjí fi oògùn sílẹ̀. Òfin Ìjọ fúnra rẹ̀ sọ pé omi àti oògùn kì í ba ààwẹ̀ tó ṣáájú Kómúníọ̀n jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni oògùn ọ̀hún, ọ̀fẹ́ sì ni nílé ìwòsàn ìjọba láti 2006. Bí o bá ń lò ó déédéé títí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò náà mọ́, o ò ní kó o ran olólùfẹ́ rẹ. Kòkòrò náà ò tíì lọ o, ó sá pamọ́ ni. Bí o bá dáwọ́ dúró, á tún yọjú. Bí agogo àdúrà Ángẹ́lúsì bá lù ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, gbàdúrà, kó o gbé oògùn rẹ mì.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń báni rẹ́rìn-ín ló fẹ́ni dénú. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ìgbéyàwó akọ sí akọ. Òfin mìíràn lọ́dún yẹn kan náà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí HIV lé ọ níbi iṣẹ́. Nítorí náà, mọ ẹni tí wàá finú hàn. Ohun tí fádà bá gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ títí ikú. Ibẹ̀ ni kó o ti sọ ọ́, má sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìjọ ò fọwọ́ sí ìbálòpọ̀ akọ sí akọ, síbẹ̀ Katikísìmù 1992, ìpínrọ̀ 2358, ní ká fi ọ̀wọ̀ àti àánú gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ní 2023, Póòpù Francis ní kò yẹ kí ìjọba sọ jíjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn. Ta ló wá rán yín níṣẹ́ àdá?

Ìyá tó gbọ́ agogo ìrọ̀lẹ́, tó bu omi tútù fún ọmọ rẹ̀ láì béèrè ohun tó fẹ́ fi mu, ti ṣe tirẹ̀.