Ìkòyí àbí Múṣin: Ibo lowó ilé ti ń wọlé déédéé?

Bí oníṣòwò bá ti rí owó díẹ̀ kó jọ, ohun tó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni kó kọ́ ilé, kó gbé e fáyàálégbé. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àdúgbò olówó nìkan lèrè wà. Ẹ jẹ́ ká fi Ìkòyí àti Múṣin, l'Ékòó, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àtàwọn òyìnbó wà lára àwọn tó ń gbalé n'Ìkòyí, dọ́là sì làwọn onílé kan fi ń díye lé e. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà lọ́jà ìjọba kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà, ọdún 2023, ti lé ní 1,500 níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Onílé tó ń gba dọ́là rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bó bá kó jáde, ilé lè ṣófo fún ọ̀pọ̀ oṣù, bẹ́ẹ̀ owó ọlọ́dẹ àti àtúnṣe kò ní dúró.

Ti Múṣin yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jà Ládípọ̀ àti Ojúwoyè ń wá yàrá tó sún mọ́ ibi iṣẹ́. Ká ní yàrá méjìlá lẹ kọ́, tí ọ̀kan ṣófo, mọ́kànlá ṣì ń pawó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èèyàn méjìlá lẹ óò máa bá fà á: ọjà ẹnì kan kò tà, àwọn méjì ń jà nítorí owó iná, ṣáláńgá kún. Ẹni tí kò lè gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà, kó má wulẹ̀ dá a láṣà.

Òfin náà ò rí bákan náà. Òfin ayálégbé tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011 ka gbígba owó tó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun léèwọ̀, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló fi dè é. Ó yọ Ìkòyí sílẹ̀, pẹ̀lú Àpápá, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Kò yọ Múṣin.

Ilẹ̀ gbalasa ò fi bẹ́ẹ̀ sí ní Múṣin mọ́, ilé àtijọ́ lẹ máa rà wó. Ibẹ̀ lowó ń bọ́ sọ́wọ́ gbájú-ẹ̀. Bó bá jẹ́ ogún ẹbí, ọmọ kan ṣoṣo kò lágbára láti tà á. Kí agbẹjọ́rò yín rí i pé olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí ìwé náà kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.