Ẹ Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Náà Dá Ìjà Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ eré fún tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá fẹ́ kọ nípa ẹgbẹ́ tó ń gbé eré olórin kalẹ̀ fún orí ìtàgé, ẹ kọ́kọ́ wo Smash, eré tí NBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù kejì ọdún 2012. Theresa Rebeck ló dá a sílẹ̀. Marc Shaiman àti Scott Wittman ló kọ orin Bombshell, eré nípa Marilyn Monroe tí àwọn èèyàn inú ìtàn náà ń làkàkà láti gbé dé Broadway. Lópin apá àkọ́kọ́, Karen tó jẹ́ àjèjì sí iṣẹ́ náà àti Ivy tó ti pẹ́ láàárín àwọn elégbè ń lọ sí ibi àyẹ̀wò kan náà fún ipò Marilyn, orin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì ń kọ lọ́nà. Ẹnikẹ́ni ò bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ àyà òǹwòran ń já, nítorí ipò kan ló wà, àwọn méjèèjì ló sì tọ́ sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn: inú iṣẹ́ gan-an ni kí ìjà ti wá.

Ibi tí wọ́n ti gbàgbé èyí ni eré náà ti ṣá. Wọ́n mú gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù kan wọlé, Rebecca Duvall, tí Uma Thurman ṣe. Ohùn rẹ̀ kò gbé orin, àwọn tó kọ ọ́ sì ní láti máa gé e kúrò, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló máa ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ńlá! Ta ló máa sọ fún un? Orin wo ló máa lọ? Ṣùgbọ́n kàkà kí wọ́n jẹ́ kí èyí gbóná dáadáa, Ellis, ọmọ iṣẹ́ lásán, bu ẹ̀pà sínú ohun mímu Rebecca, tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà, Rebecca sì di èrò ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ẹ̀pà yanjú ohun tó yẹ kí ìgboyà yanjú.

Ẹlòmíràn á ní òǹwòran ò bìkítà nípa bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, ìfẹ́ àti ìjà ni wọ́n ń wá. N kò ní kí ẹ yọ ìfẹ́ kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Derek, olùdarí, mú Karen dípò Ivy, òǹwòran lè bá a jiyàn, torí etí ara wọn ni wọ́n fi gbọ́ àwọn méjèèjì. Ta ló fẹ́ jiyàn lórí ẹ̀pà? Àwọn kan á tún ní bí Rebeck ṣe kúrò lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ ló ba eré jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ọdún àkọ́kọ́ yẹn kan náà ni ẹ̀pà dé. Eré parí ní 2013, wọ́n ṣì kọ orin Bombshell lórí ìtàgé Broadway lálẹ́ kan ní 2015. Orin dáadáa nìkan kò sì tó: nígbà tí Smash fúnra rẹ̀ di eré Broadway ní 2025, oṣù kẹrin ló ṣí, oṣù kẹfà ló kógbá sílé.

Nílé níhìn-ín, ìtàn Hubert Ogunde wà nílẹ̀. Ní 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú. Bí ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ jókòó ti ìgbáradì: orin tó máa bí ìjọba nínú, ṣé ká kọ ọ́ àbí ká yọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé orí owó ìwọlé ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń jẹun? Èèyàn méjì tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà lè bára wọn jà lórí èyí títí ìtàn á fi parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi májèlé kún un.