Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Ẹnu Wa Lẹ́bàá Pápá Bọ́ọ̀lù Ọmọdé

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ní Houston, ní Atlanta tàbí ní Maryland, àwọn òbí Yorùbá kì í ṣàìwà lára àwọn tó tò sẹ́bàá pápá láti wo àwọn ọmọ wọn níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ìgbafẹ́ ni. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ife ẹ̀yẹ ńlá. Kí ọmọ sáré, kí ó kọ́ eré, kí ó sì lẹ́gbẹ́ ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn gidigidi bí òbí bá ń fi Yorùbá ké sí ọmọ rẹ̀ ní irú ibẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Yorùbá náà ṣe déédéé, kí ó sì bá òfin eré mu, nítorí ọmọ tó ń sáré kò ráyè àtúmọ̀.

Òfin àti ìlànà

A máa ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Òfin ni ohun tó de gbogbo èèyàn, tí ẹni tó bá rú u yóò jìyà rẹ̀. Ìlànà ni ọ̀nà tí a là sílẹ̀ pé kí a máa gbà ṣe nǹkan. Òfin 17 ni bọ́ọ̀lù ní káàkiri àgbáyé, àjọ IFAB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1886 ló sì ń tọ́jú wọn. Àjọ yìí kan náà ló fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti la ọ̀nà tirẹ̀ fún àwọn ọmọdé: bí pápá yóò ṣe tóbi tó, bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe wúwo tó, iye ìṣẹ́jú tí wọn yóò gbá, àti bóyá ẹni tó jáde lè padà wọlé.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2017, mẹ́rin-mẹ́rin ni àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ ń gbá, láìsí aṣọ́lé rárá. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá ń gbá a ní méje-méje. Ọmọ ọdún mọ́kànlá àti méjìlá, mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án. Ìlànà nìyẹn. Pé ẹni tí kì í ṣe aṣọ́lé kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, òfin ni. Ẹ má ṣe sọ pé "òfin ni pé kí ọmọ mẹ́rin wà". Ìlànà ló là á bẹ́ẹ̀, ó sì lè yí padà bí ọmọ bá ti ń dàgbà.

Gbá a àti gbà á

Igbe méjì yìí ló wọ́pọ̀ jù lẹ́bàá pápá, lẹ́tà wọn kò sì yàtọ̀. Ohùn ló yà wọ́n. Gbá ní ohùn òkè, nítorí náà "a" tó tẹ̀ lé e wà ní ohùn àárín: gbá a. Gbà ní ohùn ìsàlẹ̀, "á" tó tẹ̀ lé e sì lọ sí ohùn òkè: gbà á. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé gbà, ohùn rẹ̀ a gòkè díẹ̀ sí àárín: gba bọ́ọ̀lù. Gbá kì í yí padà ní tirẹ̀: gbá bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù ni a ń kọ, pẹ̀lú àmì ohùn òkè lórí gbá. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ọmọ kan "gba bọ́ọ̀lù wọlé" ti sọ ohun mìíràn.

"Gbà á!" tún ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ kí ọmọ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn, ó sì lè jẹ́ kí aṣọ́lé fi ọwọ́ gbà á. Fún aṣọ́lé, "Mú un!" ló dára jù, kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n ẹ má ké e fún ọmọ ọdún méje, torí kò sí aṣọ́lé nínú eré tiwọn.

"Fi orí kàn án!" náà ń fẹ́ àmójútó. Ọ̀rọ̀-ìṣe kàn tí a ń lò fún àgbò ni, ó sì bá a mu wẹ́kú. Àmọ́ U.S. Soccer, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ti fòfin de fífi orí kan bọ́ọ̀lù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá àti àwọn tó kéré sí i, nítorí ààbò ọpọlọ wọn. Bí ọmọ bá mọ̀ọ́mọ̀ kàn án, ẹgbẹ́ kejì ni rẹfirí yóò gbé bọ́ọ̀lù fún. Òbí tó ń ké e ń ti ọmọ rẹ̀ sínú ẹ̀ṣẹ̀ ni. "Fi àyà gbà á!" ni kí ẹ wí.

Rírú òfin àti títàpá sófin

Ẹni tó rú òfin lè má mọ̀. Ẹni tó tàpá sófin mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ mọ irú ìyàtọ̀ yìí, nítorí ìpele mẹ́ta ló pín ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó bá kọlu ẹlòmíràn sí. Àkọ́kọ́ ni àìṣọ́ra: ọmọ kò fara balẹ̀, ó gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Rẹfirí yóò fọn fèrè, kò sí káàdì. Èkejì ni àìbìkítà: ewu wà níbẹ̀, kò kà á sí. Káàdì yẹ́lò ni. Ẹ̀kẹta ni lílo agbára kọjá ààlà, káàdì pupa ló sì tọ́ sí i. Bí òbí bá wá pariwo pé "Ìkà ni ọmọ yẹn!" nígbà tó jẹ́ pé àìṣọ́ra lásán ló ṣẹlẹ̀, ó ti ṣi ọ̀rọ̀ lò, ó sì ti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.

Rọ́pò àti pààrọ̀

"Wọ́n fi Táyé rọ́pò Kẹ́hìndé": Táyé ló wọlé, Kẹ́hìndé ló jáde. Ọ̀pọ̀ ń dà á kọ. Nínú bọ́ọ̀lù àgbà, ẹni tí wọ́n bá ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kì í sábà padà wọlé. Nínú ti ọmọdé, wọ́n ń jáde, wọ́n sì ń wọlé. Pààrọ̀ ló bá èyí mu jù. Ní AYSO, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọdé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1964, gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ gbá ìdajì eré kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Nítorí náà, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá pààrọ̀ ọmọ yín, ẹ má sọ pé wọ́n "lé e kúrò". Ẹni tó gba káàdì pupa ni wọ́n ń lé.

Jáwé olúborí, fìdí rẹmi, ta ọ̀mì

Ẹni tó borí nínú ìdíje ló jáwé olúborí. Ẹni tó ga ju gbogbo àwọn yòókù lọ ló gbégbá orókè; nítorí náà, kò bá eré ẹgbẹ́ méjì péré mu. Fìdí rẹmi le jù fún ọmọdé. Ó yẹ ìdìbò, ó yẹ ìdánwò; kò yẹ ọmọ ọdún mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bọ́ọ̀lù í gbá. "Ẹgbẹ́ kejì ló borí lónìí" ti tó.

Bí ayò bá dọ́gba ńkọ́? Láti inú ayò ọlọ́pọ́n ni ọ̀mì ti wá. Ọmọ ayò 48 ló wà lójú ọpọ́n. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ 24, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ rìn wá sínú bọ́ọ̀lù, nítorí náà "wọ́n ta ọ̀mì" ló dára jù. "Wọ́n gbá ọ̀mì" ti gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn, n kò sì kà á sí àṣìṣe.

Gbólóhùn kan ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbólóhùn kan tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn gbólóhùn tó ń tún un ṣe, kí ẹ sì máa fi wọ́n gbé àwọn ọmọ yín ró.