Ìsọ̀ Kékeré Lẹ́bàá Ìsọ̀ Ńlá

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọjà púpọ̀ ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ lè wọ ọkọ̀ lọ sí Kàbà, bí ó bá gbọ́ pé ọjà pọ̀ níbẹ̀. Kí ni obìnrin tí ó pàtẹ iyọ̀, ọṣẹ àti ìṣáná sí iwájú ilé rẹ̀ yóò ṣe? Bí òun náà bá ń dín owó kù ṣáá, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹ èrè mọ́ ojú owó.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ó lè bu iyọ̀ tí ó tó ọbẹ̀ alẹ́ kan fún ẹni tí kò ní owó àpò. Ó lè dáhùn bí ọmọdé bá kan ilẹ̀kùn lálẹ́. Ó sì lè fi èènì sí i. Ẹni tí ó bá ro owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mọ́ ọjà yóò rí i pé ọjà ìdí ilé kò wọ́n tó bí òun ti rò.

Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ àwìn. Àwìn a máa fa oníbàárà, a sì máa pa òwò. Ajigbèsè a máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ní ọdún 1844, àwọn ènìyàn 28 ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, da owó jọ, wọ́n sì ṣí ìsọ̀ kan. Wọn kò ta àwìn, wọn kò ṣe àbùlà, òṣùwọ̀n wọn sì pé. Wọ́n ń pín èrè gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ ti rà tó, ìsọ̀ náà sì gbèrú.

Àwọn obìnrin tí ń dá àjọ lè ṣe bẹ́ẹ̀: kí wọ́n jùmọ̀ ra ọjà ní àpò-àpò, kí wọ́n sì pín in. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.