Ẹ̀kọ́ 9: Opó Onígbèsè àti Ìmọ̀ràn Ọ̀fẹ́

Bíbélì kíkà: II Àwọn Ọba 4:1-7, Nehemiah 5:1-13
Àkọ́sórí: Òwe 31:8-9

ÌFÁÁRÀ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ ìwàásù lórí òróró opó yìí, a sì ti yọ̀ nítorí iṣẹ́ ìyanu náà. Ṣùgbọ́n lónìí a fẹ́ kí ẹ wo ohun kan tí a máa ń fò kọjá. Kí òróró tó pọ̀, obìnrin náà ti lọ gba ìmọ̀ràn. Nígbà tí òróró sì pọ̀ tán, ó tún padà lọ gba ìmọ̀ràn. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹni tí ó jẹ gbèsè, ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde, àti ẹni tí ilé-iṣẹ́ kò san ohun tí ó tọ́ sí fún. Ní agbègbè wa, láti Máyàlándì dé Ìkejà, Òrẹ́gùn, Ọ̀gbà àti Agége, kò sí kíláàsì tí a kò ti ní rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Gbèsè tí ọkọ fi sílẹ̀ (ẹsẹ 1)

Ọkọ obìnrin yìí bẹ̀rù Olúwa, síbẹ̀ ó kú tòun ti gbèsè lọ́rùn. Ẹ má jẹ́ kí a yára dá a lẹ́jọ́. Bíbélì kò sọ fún wa bóyá àìsàn ni ó náwó lé lórí, tàbí ìyàn ni ó mú kí ó yáwó. Ohun tí ó sọ ni pé ayánilówó ti dé láti kó ọmọkùnrin méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Àwọn bàbá wa mọ irú nǹkan báyìí dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Kò dín owó náà kù rárá, títí bàbá rẹ̀ yóò fi san gbogbo rẹ̀. Bí onígbèsè bá sì kọ̀ tí kò san, olówó lè rán ológò sí i. Ológò yóò wá jókòó sí ojúlé onígbèsè, yóò máa pariwo, yóò máa mú adìyẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí, gbogbo àdúgbò yóò sì gbọ́. Ìtìjú ni ohun ìjà rẹ̀.

Ìwọ̀fà ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ológò ṣì wà. Inú fóònù ni ó ń gbé báyìí. Ẹni tí ó yá owó kékeré lórí fóònù láti fi san owó iléèwé ọmọ lè pẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀, kí ó sì gbọ́ pé wọ́n ti ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pé olè ni. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù ní Òpébí, Ìkejà, ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ní ọdún náà kan náà ni àjọ yìí pàṣẹ pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ẹ kíyèsí i pé èyí kò pa gbèsè rẹ́. Ìwà ológò ni a ń kọ̀.

Ìbéèrè wòlíì (ẹsẹ 2)

Eliṣa kò bá obìnrin náà wí. Ó béèrè ohun tí ó fẹ́ kí òun ṣe fún un, ó sì béèrè ohun tí ó kù nínú ilé. Bí olùdámọ̀ràn tòótọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èló ni o jẹ? Ta ni o jẹ? Gbèsè wo ni èlé rẹ̀ ń gùn jù? Ìwé àdéhùn dà, rìsíìtì dà? Ọ̀pọ̀ onígbèsè kò lè dáhùn, nítorí ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n jókòó ṣírò rẹ̀. Wọ́n ti ìwé bọ abẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n sì lọ yá owó sogúndogójì láti fi san ti ìṣáájú. Opó yìí kò yá owó san gbèsè. Ìkòkò òfìfo ni ó yá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, èyí tí yóò dá padà láìsí èlé.

Ibi tí a ti ń gba ìmọ̀ràn láìsanwó

Eliṣa kò gba kọ́bọ̀. Lónìí pẹ̀lú, àwọn kan wà tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ni wọ́n dá àwọn ilé ìmọ̀ràn tí a ń pè ní Citizens Advice sílẹ̀, níbi tí àwọn olùfara-ẹni-jìn ń gba ará ìlú nímọ̀ràn lórí gbèsè, ilé gbígbé àti owó ìrànwọ́ ìjọba. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ dá Legal Aid Council sílẹ̀ ní ọdún 1976 kí tálákà lè rí agbẹjọ́rò. Ìpínlẹ̀ Èkó dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ ní ọdún 1999, ó sì dá Office of the Public Defender, tí a ń pè ní OPD, sílẹ̀ ní ọdún 2000. OPD ń bá ẹni tí kò lówó lọ sí ilé-ẹjọ́. Ti ilé ìlàjà yàtọ̀: wọn yóò kọ̀wé pe ẹni tí o fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, ẹ̀yin méjèèjì yóò jókòó níwájú onílàjà bí àwọn àgbà ti ń ṣe nílé, bí ẹ bá sì fohùn ṣọ̀kan, ẹ ó fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, gbèsè, àti owó iṣẹ́ tí a kò san wà lára ohun tí wọ́n ń parí. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ní kí o mú owó wá kí òun tó mú ọ wọlé, Gehasi nìyẹn. Ẹ yà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ilé ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó ń dààmú àwọn ará wa jù. Ká sọ pé arábìnrin kan ń gbé yàrá kan ní Mende, ọdọọdún ni ó ń sanwó, onílé sì dé ní ọjọ́ Sátidé pé kí ó kó jáde kí oṣù tó parí, nítorí òun ti rí ẹni tí yóò san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò lọ yáwó láti fi du yàrá náà. Ṣùgbọ́n òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé kí onílé má ṣe gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tàbí ẹni tí ń san lọ́dọọdún, kí ó má sì gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti wà nínú ilé tí ó ń san lóṣooṣù. Ẹni tí ó gbà á àti ẹni tí ó san án, òfin náà mú àwọn méjèèjì. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni ti ayálégbé ọdọọdún, oṣù kan ni ti oṣooṣù. Lẹ́yìn èyí, ilé-ẹjọ́ ni ó lè pàṣẹ pé kí a lé e. Onílé tí ó bá ká páànù tàbí tí ó yọ ilẹ̀kùn láti fi lé ènìyàn lè san ìtanràn tí ó tó 250,000 náírà tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkejà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mende kì í ṣe GRA.

Kí ayálégbé má sì rò pé òun ti rí ibi sá sí. Òfin yìí kan náà sọ pé bí ẹni tí ń san lóṣooṣù bá jẹ owó oṣù mẹ́fà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ilé náà ti tán, ilé-ẹjọ́ yóò sì dá ilé padà fún onílé. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ènìyàn lọ gba ìmọ̀ràn ní oṣù kìíní tí owó kò pé, kí ó má dúró di oṣù karùn-ún.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ kò gùn. Òfin ọdún 2010 fi owó gbà-máà-bínú sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF fún ẹni tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ láàárín ọjọ́ 14. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sì sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá mẹ́rin owó tí ó wà lórúkọ rẹ̀.

Àwọn tí a jẹ ní gbèsè (Nehemiah 5)

Nehemiah kò sọ fún àwọn tálákà pé kí wọ́n kàn máa fara dà á. Àwọn ayánilówó ni ó pè jọ, ó sì bá wọn wí ní gbangba pé kí wọ́n dá oko, ilé àti èlé padà. Onílé wà nínú kíláàsì wa, olórí ẹgbẹ́ kọ́pírétíìfù wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú. Kì í ṣe ayálégbé nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí ń bá sọ̀rọ̀.

Ìpadàbọ̀ opó (ẹsẹ 7)

Nígbà tí ìkòkò kún tán, obìnrin náà kò dá ara rẹ̀ lóye. Ó padà lọ sọ fún ènìyàn Ọlọ́run. Ó gbọ́ pé kí ó ta òróró, kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ èyí tí ó kù. Gbèsè ni ó ṣáájú, aṣọ ọdún kò sí níbẹ̀ rárá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí onígbèsè fi máa ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ìjọ?
2. Bí o bá jẹ́ onílé, kí ni o ṣe fún ayálégbé rẹ tí ó pàdánù iṣẹ́?
3. Ta ni nínú kíláàsì yìí tí ó lè tẹ̀lé arákùnrin tàbí arábìnrin kan lọ sí OPD tàbí ilé ìlàjà ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ó sì bá a ka ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó lọ?